Ìrọ̀lẹ́ Tí Dádì Gbé Agídìgbo Wọ Hòtẹ́ẹ̀lì

Àwọn ẹbí wa ń sọ pé ọjọ́ ogbó ló dé sí Dádì tí wọ́n fi pa orin kọ́ńtírì tì. Irọ́ ni. Mo wà níbẹ̀, mo sì fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ ohun tí wọ́n dìídì yàn di àìsàn arúgbó.

Dádì tí mò ń wí yìí, ẹ̀gbọ́n màmá mi ni. Mò ń pè wọ́n ní Dádì nítorí ilé wọn ní Bódìjà ni mo kó sí nígbà tí mo parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, tí mò ń wáṣẹ́ kiri tí mi ò rí. Yàrá kan wà lẹ́yìn ilé náà, ibẹ̀ ni mò ń gbé. Láàárọ̀, màá kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́. Lọ́sàn-án, màá máa wo fóònù bóyá ẹnì kan ti dáhùn. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ọkàn mi á ti rẹ̀ ju ara mi lọ. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù pọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọn ò ní pè mí, ẹ̀rù sì tún ń bà mí pé wọ́n lè pè mí kí n má mọ ohun tí màá sọ. Ọjọ́ Àìkú nìkan ni mo máa ń sinmi, torí ọjọ́ náà ni mò ń tẹ̀ lé Dádì lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Ring Road, níbi tí wọ́n ti ń kọrin. Èmi ni mò ń rí sí máíkì, èmi náà ni mo sì ń kéde wọn fún èrò.

Orin kọ́ńtírì, orin àwọn kọ́bọ̀ì Amẹ́ríkà, ni Dádì ti ń kọ láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn. Àwọn àgbà kan wà n'Ìbàdàn tó jẹ́ pé orin yẹn ni wọ́n fi fẹ́ ìyàwó, òun náà ni wọ́n sì fi sunkún nígbà tí ìyàwó kọ̀ wọ́n. Àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, àwọn tó ti ṣiṣẹ́ báńkì rí ní Dùgbẹ̀, àwọn alàgbà ìjọ: wọ́n á dé akẹtẹ̀ kọ́bọ̀ì, wọ́n á jókòó sínú ọgbà hòtẹ́ẹ̀lì náà, Dádì á sì máa fi èdè òyìnbó kọrin ẹṣin àti aṣálẹ̀ fún wọn. Ẹṣin kan ṣoṣo tí Dádì gùn rí, ní Sábó ni, wọ́n gùn ún kí wọ́n lè ya fọ́tò, ẹṣin náà sì fẹ́ jẹ akẹtẹ̀ mọ́ wọn lórí. Àwọn fúnra wọn ló máa ń sọ ọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ orin.

Ikú ìyá wọn, ìyẹn ìyá àgbà tó bí màmá mi, ló yí gbogbo rẹ̀ padà. Nígbà ayé ìyá àgbà, bí wọ́n bá ń gbé ìyàwó wọ agboolé wa, tàbí tí wọ́n bá ń sọmọ lórúkọ, àwọn ni wọ́n máa ń dá orin tí àwọn ìyàwó ilé yòókù á máa gbè é. Nítorí náà, Dádì ní àwọn ò ní kọ orin òyìnbó lórí òkú ìyá àwọn. Wọ́n mú ọ̀kan nínú àwọn orin kọ́ńtírì tí wọ́n mọ̀ jù, wọ́n fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí i. Èmi ni mo bá wọn tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún kà: "Ìyá mi, má fi mí sílẹ̀, ìyá mi, bá mi dé alẹ́."

Àṣìṣe wa ni pé a kàn kà á ni. Orin òyìnbó kì í gòkè níbi tí Yorùbá bá ti ń gòkè. Níbi tó yẹ kí ohùn ti ìsàlẹ̀ gun òkè kó lè jẹ́ ìyá, ńṣe ni orin náà dùbúlẹ̀ sójú kan, dò lórí dò. Bí Dádì ṣe dúró níwájú pósí, tí wọ́n dijú, tí omi ń dà lójú wọn sórí gìtá, ohun tí gbogbo agboolé gbọ́ ni: "Ìyà mi, má fi mí sílẹ̀, ìyà mi, bá mi dé alẹ́."

Ojú àwọn èèyàn ni mo ti kọ́kọ́ rí i, kí etí mi tó gbọ́ ọ. Àwọn tó ń mi orí dáwọ́ dúró. Pásítọ̀ tó ti lanu láti ṣe àmín rọra pa á dé. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá arúgbó tó jókòó sórí àga ike ní ẹ̀gbẹ́ mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò bá ẹnì kan wí: "Kí Ọlọ́run má gba àdúrà yìí o."

Ìkejì wọn fèsì pé, "Kò ní gbà á. Èmi ò kúkú ṣe àmín sí i."

Ẹ̀rín bú láàárín àwọn tó ń sunkún. Dádì gbọ́, wọ́n lajú, wọ́n sì kọ orin náà parí. Ojú tì mí, irú ìtìjú yẹn kì í sì í ṣe ẹyọ kan, mo fẹ́ kó yé èèyàn. Ojú tì mí nítorí Dádì. Inú wá bí mi sí àwọn tó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ojú tún tì mí pé inú ń bí mi, torí bí kì í bá ṣe Dádì wa ni, èmi náà ì bá rẹ́rìn-ín títí.

Nínú takisí tó ń gbé wa padà sí Bódìjà, Dádì gbé gìtá lé ẹsẹ̀ títí tá a fi kọjá Mọ́kọ́lá. Wọ́n wá ní, "Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi kọrin, mi ò sì lè pe ìyá mi nínú orin kó jẹ́ ìyá."

Mo ní ẹ má ro ó, sà, àwọn èèyàn mọ ohun tẹ́ ẹ ní lọ́kàn. Wọ́n ní ohun tí àwọn ní lọ́kàn kọ́ ni orin, ohun tó bá jáde ni.

Wọ́n gbé gìtá kọ́ ara ògiri. Ẹbí ní ìbànújẹ́ ni. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n fi wá ọ̀rẹ́ wọn kan lọ sí Ẹlẹ́yẹlé, ẹni tí wọ́n jọ lọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún pẹja nínú adágún odò ibẹ̀. Bàbá Ẹlẹ́yẹlé ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọ́n ń ta agídìgbo, àpótí pákó tí wọ́n to àwọn ahọ́n irin sí lójú, tí wọ́n ń fi ìka ta. Wọ́n á wá sí Bódìjà, wọ́n á kírun Àsárì tán lórí ẹní ní ibi ìgbọ́kọ̀sí ilé Dádì, wọ́n á gbé àpótí náà lé itan, wọ́n á ní, "Kọ́bọ̀ì, màlúù ẹ dà?"

Dádì á ní, "O ti pa á jẹ lọ́dún Iléyá."

Orin ìyá àgbà ni wọ́n ń kọ́. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ́ ọ ni pé Dádì á kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ náà lásán, bí ẹni ń bá aládùúgbò sọ̀rọ̀ lójú fèrèsé. Irin á sọ ọ́ tẹ̀ lé e. Ìgbà tí irin bá ti ń sọ ohun kan náà pẹ̀lú ẹnu ni Dádì tó máa fa ọ̀rọ̀ náà gùn di orin. Kò rọrùn fún wọn. Kọ́ńtírì ti wọ̀ wọ́n lọ́fun, ohùn wọn sì máa ń fẹ́ dùbúlẹ̀. Lọ́jọ́ kan, wọ́n fẹ́ kọrin ọkọ́ tí bàbá wọn fi roko, ohùn náà dùbúlẹ̀, ó di "ọkọ bàbá mi". Bàbá Ẹlẹ́yẹlé ká ọwọ́ kúrò lórí irin, wọ́n ní, "Kọ́bọ̀ì, ta ló wá fẹ́ bàbá ẹ?" Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn.

Màmá mi fi fóònù pè mí pé ṣé iṣẹ́ ni mò ń wá àbí arúgbó ni mò ń tẹ̀ lé kiri. Mo ní iṣẹ́ ni. Lẹ́yìn tí mo gbé fóònù sílẹ̀, mo padà lọ jókòó sí ibi ìgbọ́kọ̀sí.

Lọ́jọ́ Àìkú tí Dádì ní àwọn ti ṣe tán, mo bẹ̀ wọ́n pé ká kọ́kọ́ sọ fún máníjà hòtẹ́ẹ̀lì. Mò ń rí i lójú inú mi bí àwọn èèyàn ṣe máa tún rẹ́rìn-ín, mi ò sì rò pé Dádì lè fara dà á lẹ́ẹ̀kejì.

Wọ́n ní, "Ṣé mo gba àṣẹ lọ́wọ́ máníjà nígbà tí mò ń fi òyìnbó sunkún?"

Mo bọ́ sórí ìtàgé, mo kéde pé Dádì gbé orin ìyá wọn dé. Bàbá Ẹlẹ́yẹlé gbé àpótí lé itan. Ọkùnrin kan tó dé akẹtẹ̀ funfun níwájú, òṣìṣẹ́ báńkì àtijọ́ tí kì í pa ọjọ́ Àìkú kankan jẹ, na ọwọ́ sókè.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí òwe bí òwe là á lu agídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Àwa tá a wà níbí ò gbọ́n, a ò mọ̀ràn. Ẹ fún wa ní kọ́ńtírì, ẹ jọ̀ọ́."

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Dádì dúró kí àtẹ́wọ́ náà tán.

"Mo mọ̀ pé ẹ ò gbọ́n. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọrin fún yín."

Ẹ̀rín èyí ju àtẹ́wọ́ náà lọ, inú rẹ̀ ni irin sì ti bẹ̀rẹ̀. Dádì kọ ọ́ pé, "Mo délé, mi ò bá ìyá mi, ta ni yóò bi mí pé ṣé mo ti jẹun?" Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ tó yẹsẹ̀. Ìyá jẹ́ ìyá. Obìnrin kan tó bá ọkọ rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbè é láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n àwọn tábìlì ẹ̀yìn dìde, lẹ́yìn wọn àwọn mìíràn dìde, mo sì gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀. Máníjà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé, ó ń fi ọwọ́ júwe fún mi pé kí n pa máíkì. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ó wá pa á fúnra rẹ̀. Dádì ò tilẹ̀ wẹ̀yìn, wọ́n gbé ohùn sókè ju ariwo jẹnẹrétọ̀ lọ, wọ́n kọ orin ìyá wọn tán.

Máníjà ò ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ, ó sì lẹ́kọ̀ọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó ní kí bàbá má bínú, kọ́ńtírì ni àwọn oníbàárà àwọn ń wá gbọ́. Ní Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, kí wọ́n gbé gìtá wá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn á wá ẹlòmíràn. Dádì ní ọ̀rọ̀ náà yé àwọn.

Láàárín ọ̀sẹ̀, máníjà pè mí. Ó ní bí àbúrò ni mo jẹ́ fún òun, pé Dádì ń gbọ́ tèmi. Ó ní àwọn ń wá ẹni tó máa wà ní ọ́fíìsì tó ń bójú tó àwọn àpèjẹ, ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, tó sì mọ̀wé kọ; bí Dádì bá ti gbé gìtá padà, kí n wá bẹ̀rẹ̀. Mi ò ní purọ́. Mo fẹ́ iṣẹ́ yẹn gan-an. Mo ti ń rí ara mi tí mò ń wọ bàtà lọ́wọ́ àárọ̀, tí mò ń sọ fún màmá mi pé mo ti ń lọ síbi iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé Dádì ni wọ́n fẹ́ fi ra iṣẹ́ náà fún mi, ìdùnnú náà sì dà bí oúnjẹ tí èèyàn ń jẹ ní ìkọ̀kọ̀.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Dádì ní ibi ìgbọ́kọ̀sí. Bàbá Ẹlẹ́yẹlé ní iṣẹ́ kì í ṣe ohun yẹ̀yẹ́ o. Dádì yíjú sí mi.

"Bí o bá ní kí n gbé gìtá, màá gbé e, nítorí tìẹ. Ṣùgbọ́n ìwọ ni kó o sọ ọ́. Má jẹ́ kí máníjà bá ẹ sọ ọ́."

Títí ọ̀sẹ̀ náà fi parí, mi ò tíì pinnu ohun tí màá sọ. Nígbà tó di ọ̀sán Ọjọ́ Àìkú, Dádì múra, wọ́n gbé gìtá sílẹ̀ kúrò lára ògiri, wọ́n ń fi aṣọ nu eruku rẹ̀. Wọ́n ní ẹnu mi ni àwọn ń wò. Ibẹ̀ ni fóònù mi ti dún. Máníjà ni. Ó ní àwọn ti to àga, ṣé a ti ń bọ̀?

Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Dádì ò bọ̀."

Ó ní, "Iṣẹ́ tá a jọ sọ ńkọ́?"

"Mi ò gbàgbé, sà. Ẹ fún ẹlòmíràn. Bódìjà ni wọ́n ti ń kọrin báyìí; ẹni tó bá fẹ́ gbọ́, kó máa bọ̀."

Mo gbé fóònù sílẹ̀. Dádì gbé gìtá padà kọ́ ara ògiri. Mo fa àga kan sí ẹ̀gbẹ́ Bàbá Ẹlẹ́yẹlé tí wọ́n ti tẹ́ ẹní sí ibi ìgbọ́kọ̀sí, irin bẹ̀rẹ̀, Dádì dá orin, èmi sì gbè é pẹ̀lú gbogbo ohùn tí mo ní. Aládùúgbò wa yọ orí lójú fèrèsé, ó ní ṣé a ò ní jẹ́ kí òun sun oorun ọ̀sán ni.

Dádì ní rárá.