Igbe Ìyá Mi Láàárín Gìtá

Òórùn ọṣẹ dúdú gba gbogbo àgbàlá wa ní Ìtapàjí lówùúrọ̀ ọjọ́ tí ìyá mi fọ aṣọ àbúrò mi tó kú. Ọjọ́ keje ikú Àríkẹ́ ni. Bàbá mi ti pàṣẹ pé bí ilẹ̀ ọjọ́ kẹjọ bá ti mọ́, ó parí: "Ẹ má pè é mọ́ nínú ulé yìí." Nítorí náà ni ìyá mi ṣe ń pè é láàárọ̀ yẹn bí ẹni tí wọn yóò gba orúkọ náà lẹ́nu rẹ̀. Bí ó ti ń fún aṣọ kéékèèké wọ̀nyẹn ni ó ń sunkún pé, "Àríkẹ́, ta ni yóò wọ èyí? Àríkẹ́, ta ni n óò dirun fún?" Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà náà. Èmi ni mo ń da omi.

Àlejò kan dúró lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé ìwé wa ni ó wọ̀ sí, orin àwọn obìnrin ni ó ń gbà sílẹ̀ káàkiri abúlé. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi yóò rántí rẹ́kọ́dà oníkásẹ́ẹ̀tì, èyí tó wúwo bíi búlọ́ọ̀kù. Ó gbé e ka orí odó tí a dojú rẹ̀ dé, kò tọrọ àyè, kò sì sí ẹni tó lágbára láti lé e. Nígbà tí ó jẹ́ kí ìyá mi gbọ́ díẹ̀ nínú ẹkún rẹ̀ tó gbà sílẹ̀, ìyá mi fi ọwọ́ tútù bo ẹnu.

Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún èmi náà ní tèmi."

"Màmá, n óò gbé e wá fún yín."

Kò wá. Ìyá mi dàgbà, ó darúgbó, ó sì lọ láì tún gbọ́ ọ.

Ìwé mẹ́fà ni mo kà kí n tó kọ́ṣẹ́ káfíńtà. Ní òjò tó kọjá, mo ń so ilẹ̀kùn mọ́ yàrá akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ọ̀yẹ́, Dámilọ́lá ni orúkọ rẹ̀. Ó tan orin: gìtá ń ké bíi páànù tí wọ́n ń wọ́ lórí títì, ọkùnrin kan ń bú ramúramù. Lójijì gbogbo rẹ̀ dákẹ́, ohùn ìyá mi sì jáde. "Àríkẹ́, ta ni yóò wọ èyí?" Èrò rẹpẹtẹ sì hó gèè: "Àríkẹ́! Àríkẹ́!"

Ìṣó bọ́ lẹ́nu mi.

"Ọmọ mi, kí lo ń gbọ́ yìí?"

"Orin tí wọ́n ń pè ní hẹ́fì mẹ́tà ni, Dádì! Àṣé ẹ̀yin náà ń bá wa jayé! Orí ìtàgé ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀, àwọn tó wá wòran ló ń pariwo yẹn. Ibẹ̀ ló dùn jù nínú àwo náà."

"Ìyá mi nìyẹn."

Ó rẹ́rìn-ín, ó wo ojú mi, ẹ̀rín náà sì kú. Ó ka ohun tí wọ́n kọ sí àwo náà fún mi: "Ohùn obìnrin ará abúlé kan." Wọn kò dárúkọ rẹ̀.

Ó pe olórí ẹgbẹ́ olórin náà fún mi. Ọmọkùnrin yẹn ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì la ti rí i, nínú àkójọ àtijọ́ kan. A rò pé kò lẹ́ni tó ni ín."

"Ó lẹ́ni tó ni ín. Fóyèkẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ yọ ariwo yẹn kúrò lórí ọmọ rẹ̀ tó kú. Kí ẹ sì fún mi ní gbogbo ẹkún náà, bí ẹni tó gbà á sílẹ̀ ti ṣèlérí fún un."

Ó ní òun yóò padà pè mí.

Ọmọ ọdún méje tí mo jẹ́ nígbà yẹn gba àlejò gbọ́ nítorí pé aṣọ rẹ̀ funfun, ó sì mọ̀wé. Lọ́tẹ̀ yìí, ọmọ náà kò gba ìlérí gbọ́ mọ́. Mo bèèrè ibi tí olórin náà ń gbé lọ́wọ́ Dámilọ́lá, mo gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹni tó ṣílẹ̀kùn bi mí pé kí ni mo wá gbà.

Mo ní, "Ohùn ìyá mi." Mo sì jókòó.