Ohùn Tí Mo Yọ Kúrò Nínú Fóònù Màmá Aláṣọ

Ẹ má bínú sí bí mo ṣe ń kọ̀wé. Ọdún mẹ́rin péré ni mo lò níléèwé. Ìyá mi ló kọ́ mi ní kíkọ Yorùbá nílé wa ní àdúgbò Nkembo, nílẹ̀ àjèjì tí wọ́n ti ń sọ Faransé.

Mo rántí òórùn ike gbígbóná nínú ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi ní ọjà Mont-Bouët, níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́ títún fóònù ṣe. Ọ̀gá mi ní òfin kan: "Kó o tó yọ áàpù àtijọ́ nínú fóònù, kọ́kọ́ ka ohun tí tuntun ń béèrè. Kì í ṣe gbogbo orí ló lè ru ẹrù tuntun." Èdè Faransé ni wọ́n máa ń fi kọ ohun tó ń béèrè yẹn. Bí ọ̀gá bá bi mí pé, "Ṣó o kà á?" màá mirí bí ọ̀mọ̀wé, màá ní, "Mo kà á, ọ̀gá." Irọ́ ni. Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n lójú tèmi nígbà náà, òpè ló ń béèrè.

Lọ́jọ́ kan, Màmá aláṣọ tí ìsọ̀ wọn kọjú sí tiwa gbé fóònù wọn wá. Áàpù tí wọ́n fi ń fi ohùn ránṣẹ́ ti kọ̀ láti ṣí, ó ní àfi kí wọ́n fi tuntun sí i.

"Rọra o, ọmọ mi," ni wọ́n wí. "Ohùn bàbá àwọn ọmọ mi wà níbẹ̀. Kí wọ́n tó kú ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi."

Ọ̀gá mi ti lọ kírun. Mo yọ ti àtijọ́, mo ní kí n fi tuntun sí i láti inú fóònù mi. Ó kọ̀. Fóònù Màmá ti dàgbà jù fún un. Mo sáré dá ti àtijọ́ padà, ṣùgbọ́n òfìfo ló padà wá, kò sí ohùn kankan nínú rẹ̀ mọ́.

"Màmá, ohùn yẹn ti lọ. Fóònù yín ló ti gbó."

Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi. "Ó gbó lóòótọ́, bíi tèmi." Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. "O ṣeun. Ọlọ́run á fi ọgbọ́n kún ọgbọ́n ẹ."

Àdúrà yẹn dùn mí ju èébú lọ. Èmi náà ti ń kọ́ni níṣẹ́ báyìí, mo sì ti mọ Faransé kà díẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa ń ka ohun tí tuntun ń béèrè kí n tó yọ ti àtijọ́ nínú fóònù oníbàárà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì irọ́ yẹn, mo ti jókòó sẹ́nu ìsọ̀ Màmá kí wọ́n tó dé. Bí wọ́n ṣe yọ kọ́kọ́rọ́, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Màmá, fóònù yín kọ́. Èmi ni."