Orin Gígùn Vencil Hrbek

Títí di òní, bí yìnyín bá ti ń bọ́ sórí òrùlé ní agbègbè wa ní Nebraska, ní Amẹ́ríkà, ẹnìkan á sọ pé, "Vencil ti bẹ̀rẹ̀ o." Ìgbéyàwó kan ló fà á. Vencil Hrbek, àgbẹ̀ alágbàdo tó tún jẹ́ olórí ẹgbẹ́ olórin pólíkà, orin ijó tí àwọn baba wa gbé wá láti Yúróòpù, jókòó sórí pèpéle gbọ̀ngán ijó, ó gbé akọ́díọ̀n, dùùrù àgbékọ́yà tí wọ́n ń fà, láyà, ó kọjú sí fèrèsé. Òun nìkan ló rí yìnyín tó ń rún oko gbogbo àwọn oníjó wómúwómú. Kàkà kó dá orin dúró, ńṣe ló tún kì í mọ́lẹ̀. Ó fa orin kan ṣoṣo náà títí ìyàwó tuntun fi bọ́ bàtà sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, kò sí igi àgbàdo kan tó dúró.

"O rí i, o ò sì sọ?" Alfons Pokorny ló bi í bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni Alfons máa ń jókòó sí, tí á máa fọn túbà, fèrè bàbà ràgàjì.

"Bí mo bá sọ, ṣé yìnyín á dúró ni? Ẹ ṣáà ti jó tán kí ẹ tó di òtòṣì."

Akọ́díọ̀n ọ̀hún fúnra rẹ̀, abo ẹlẹ́dẹ̀ olóyún kan ló fi pààrọ̀ rẹ̀. Blazena ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ lọ́wọ́, ó bá ọgbà lófìfo.

"Vencil, ẹlẹ́dẹ̀ mi dà?"

"Òun ló wà láyà mi yìí. Kò ní jẹun mọ́, igbe rẹ̀ sì ti dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

Blazena bínú títí ìgbà òtútù fi dé tí kò sí ẹran nílé. Ijó tó fẹ́ràn jù ni kò jẹ́ kó kọ ọkọ.

Alfons náà ò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Vencil á ní, "Ohùn méjì péré ló wà nínú bàbà rẹ yìí, ọ̀kan ò sì dára." Alfons á ní, "Èyí tí ò dára yẹn ló gbé ọ dúró." Bí orin bá wá fẹ́ parí, Vencil á fa ohùn ìkẹyìn gùn títí, àwọn oníjó á gbé ẹsẹ̀ kan dúró sókè títí ohùn náà á fi dákẹ́, wọ́n á máa ṣépè fún un.

Nígbà tó yá, ikú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹgbẹ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ sì kó lọ sí ìlú ńlá Omaha. Síbẹ̀ Vencil ń to gbogbo àga sórí pèpéle. Àlejò kan bi í pé àwọn tó ni àga ńkọ́. "Wọ́n pẹ́ dé ni," ló wí, "ó ti mọ́ wọn lára." Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, àfi Alfons.

Ẹgbẹ́ yìí kan náà ló ń kọrin sin òkú wa dé ibojì. Nígbà tí àìsàn dá Vencil dùbúlẹ̀, ó di Alfons lọ́wọ́ mú. "Má jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ kọrin sin mí. Àwa la sin gbogbo wọn." Alfons ṣèlérí, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé omi ti pọ̀ ju ọkà lọ. Èémí Alfons fúnra rẹ̀ ti ń tán. Ta ló sì gbọ́ orin túbà nìkan rí?

Lọ́jọ́ ìsìnkú, Alfons dá ẹ̀rọ orin tí wọ́n gbé wá padà, ó gbé túbà sétí ibojì. Ohùn méjì ló ń jáde. Láàárín wọn ló fi àyè sílẹ̀ fún akọ́díọ̀n, bó ti ń ṣe láti ìgbà èwe, afẹ́fẹ́ lásán ló gba ibẹ̀. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àyè náà fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọkàn rẹ̀ bàjẹ́ pátápátá. Bó bá kan òun náà, ẹ̀rọ ni wọn yóò fi sin òun, kò sẹ́ni tó kù tí yóò dá a padà.

Ó dé ibi ohùn ìkẹyìn, èémí rẹ̀ sì tán. Ó gbé fèrè dúró sẹ́nu, kò sọ ọ́ kalẹ̀. Fadá ṣí ìwé rẹ̀.

"Ẹ ní sùúrù, Fadá," Blazena wí. "Ẹ mọ ìṣe ọkọ mi. Kò tíì parí."

Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ẹ̀rín náà sì di ẹkún mọ́ ọn lẹ́nu. Fadá pa ìwé dé. Gbogbo wa dúró. Blazena gbé gìgísẹ̀ kan sókè díẹ̀ lórí koríko, ó ń retí kí ọkọ rẹ̀ jẹ́ kó sọ ọ́ kalẹ̀.