Ibi Tí Ìsàlẹ̀ Omi Wà Gan-an

Màmá gbá ọwọ́ mi mú kí ẹsẹ̀ mi tó kan omi. Ó dì í mú tó bẹ́ẹ̀ tí èékánná rẹ̀ fi wọ̀ mí lára. Ọkọ̀ wa mì, omi ta sí wa lára.

"Níbo lò ń lọ?"

"Mo fẹ́ lọ gbé ìgèrè yẹn, Màmá. Omi ibí ò ju orúnkún mi lọ."

Ìyá ìyá mi ni Màmá. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà, lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Efire. Láràárọ̀, tó bá ti kírun àsùbáà tán, a máa ń wa ọkọ̀ lọ wo àwọn ìgèrè tó fi ń dẹ ẹja. Lọ́jọ́ náà omi mọ́ gaara. Mo ń wo ìgèrè lórí yanrìn nísàlẹ̀, bí ẹni pé kí n kàn nawọ́ mú un.

Kò bá mi wí. Ó gbé ọ̀pá oparun tó fi ń ti ọkọ̀ lé mi lọ́wọ́. "Fi wọn ibẹ̀ wò."

Mo tì í bọ omi. Ó ń lọ, ó ń lọ, títí omi fi kan apá mi, kó tó kanlẹ̀. Omi náà ìbá bò mí mọ́lẹ̀. Nígbà tí mo tún wò ó, ọ̀pá ti ṣẹ́ níbi tó ti wọ omi. Mo figbe ta pé mo ti bà á jẹ́. Màmá fà á yọ. Ó gún régé.

"Ohun tí ojú ń rí lábẹ́ omi, ìrìn ló ń rìn wá bá ojú," ó ní. "Bó bá ti ń jáde kúrò nínú omi, ó yà díẹ̀. Ojú ò mọ̀ pé ó yà. Ó rò pé ọ̀nà tààrà ló gbà wá, ló fi ń gbé ìsàlẹ̀ sókè fún ẹ."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Tíṣà kan ní Iwopin. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣàlàyé rẹ̀ kó tó yé mi. Lẹ́yìn tí àbúrò ìyá ẹ lọ ni."

Mo mọ̀ pé ìyá mi ní àbúrò kan tó kú sómi. A kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ nílé.

"Mo ní kó jókòó sínú ọkọ̀," Màmá ní. "Mi ò sọ ìdí rẹ̀ fún un, torí èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Ojú rẹ̀ sì ń sọ fún un pé irọ́ ni mò ń pa."

Ó mú àjẹ̀, ó sì wa ọkọ̀ wa lọ sí èbúté. 

Màmá ti di olóògbé. Èmi ń kọ́ni ní físíìsì ní yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, aránṣọ tó ń rán aṣọ fún mi béèrè ìdí tí ààrá fi máa ń dún lẹ́yìn tí mànàmáná bá ti kọ tán. Mo ṣàlàyé.

"Ẹ ṣé, mà. Ó ti yé mi," ó ní. Ó bọ̀wọ̀ fún mi ni. Mo rí i lójú rẹ̀ pé kò tíì yé e.

Mo gbé báàgì mi sílẹ̀, mo fa àga, mo sì tún un bẹ̀rẹ̀.