Àga Abẹ́ Fáànù

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ẹjọ́ ṣe ń gbó, kó lọ bi Ìyá Aránṣọ. Obìnrin yìí ti lọ sí kóòtù débi pé ajá ẹnu géètì ibẹ̀ kì í gbó o mọ́. Adájọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà ti fẹ̀yìn tì, èyí tó tẹ̀ lé e ti gba ìgbéga lọ síbòmíì, wọ́n ti kun ògiri kóòtù, ọ̀dà ọ̀hún náà sì ti tún ń bó. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pe ẹjọ́, wọ́n á ní àwọn sún un síwájú. Ìyá Aránṣọ a máa sọ pé, "Bí wọ́n ṣe ń sún un síwájú tó yìí, ṣebí ó yẹ kó ti dé ibì kan?"

Ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀ ni. Òun nìkan lọ́mọ ìyá tó ní. Ìyá wọn kú nígbà tí ọmọ náà ṣì wà lọ́mọ ọwọ́, ẹ̀gbọ́n ló pọ̀n ọ́n dàgbà, òun ló rán aṣọ ilé ìwé àkọ́kọ́ tó wọ̀. Ọmọ náà di káfíńtà, ó sì lórí kunkun. Lọ́jọ́ ìdìbò kan, wọ́n fi í ṣọ́ àpótí ìbò nílé ìwé tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọkọ̀ ńlá kan dúró, Aṣòfin àdúgbò wa bọ́ sílẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé àpótí wá. Ọmọ náà jókòó lé e, ó ní òun ò ní dìde. Aṣòfin na ìka sí i, ó sì sọ fún àwọn tó kó wá, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń rán ọmọ ilé níṣẹ́ pé, "Ẹ bá mi gbé èyí kúrò lọ́nà." Ẹ gbà mí! Wọ́n gbé e kúrò lọ́nà lóòótọ́. Kò délé ìwòsàn kó tó kú. Ìyá Aránṣọ wà lójú fèrèsé, kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì kan ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì rí gbogbo ẹ̀.

Ẹ má sọ pé bóyá ó ṣi èèyàn mú. Kí Aṣòfin tó di Aṣòfin, ọwọ́ Ìyá Aránṣọ ló ti ń gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò, nígbà tí ṣòkòtò tó ní kò tíì pọ̀. Á dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, á ní, "Àǹtí mi, ẹ bá mi ṣe é kíákíá, mo ní ìpàdé." Àwọn ìpàdé yẹn ló sọ ọ́ di èèyàn ńlá.

Ẹlẹ́rìí pọ̀ níbẹ̀rẹ̀. Tíṣà kan rí i, obìnrin tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu géètì rí i, ọlọ́pàá kan pàápàá rí i. Nígbà tó yá, tíṣà ní òun ò fi bẹ́ẹ̀ rántí mọ́. Oníbúrẹ́dì kó lọ sí òkèèrè, ẹ má bi mí pé ta ló sanwó ọkọ̀ fún un. Ọlọ́pàá gba ìgbéga. Wọ́n wá bá Ìyá Aránṣọ náà nílé. Wọ́n gbé ẹ̀rọ ìránṣọ oníná wá, tuntun nínú páálí, èyí tó ń dá ojú bọ́tìnnì fúnra ẹ̀. Ó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, torí aránṣọ ni, ẹ̀rọ náà sì dára. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n gbé e padà. Ó ní, "Ẹ kí ọ̀gá yín. Ẹ ní ẹni ṣu ló ń gbàgbé, ẹni kó kì í gbàgbé."

Ọkàn rẹ̀ dúró. Ojú rẹ̀ ni ò dúró.

Nígbà tí ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀, inú mọ́tò tó ń sáré ló ti ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Nígbà tó yá, ó di ká máa lá òwú lẹ́nu ká tún un lá, ká máa gbé abẹ́rẹ́ lọ sẹ́nu fèrèsé. Lọ́jọ́ kan, ó fi òwú dúdú rán aṣọ funfun látòkè délẹ̀, oníbàárà ní, "Ìyá, ṣé ẹ̀ ń bá mi ṣeré ni?" Dókítà ojú ní omi inú ojú rẹ̀ ló ń fún ìríran rẹ̀ pa, pé èyí tó bá ti lọ ti lọ nìyẹn. Bí kóòtù ṣe ń sún ẹjọ́ síwájú, bẹ́ẹ̀ ni ojú ń tán. Nígbà tí gbogbo ẹ̀ fi di òkùnkùn, kò sẹ́ni tó sọ fún àfi ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì ní ibùdókọ̀.

Ẹ̀rù ló ń bà á, kò sì yẹ ká bá a wí. Òun nìkan ló kù tó lè sọ pé mo rí i. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ẹlẹ́rìí ti fọ́jú, ṣé wọn ò ní béèrè pé ojú wo ló fi rí i? Wọ́n á da ẹjọ́ nù, ikú àbúrò rẹ̀ á sì di ikú adìyẹ. Nítorí náà, ó ń rìn bí ẹni tó ríran. Ó ń di ọmọ rẹ̀ lápá mú, ó ní orúnkún ló ń dun òun.

Ìwé wá dé níkẹyìn pé wọ́n fẹ́ gbọ́ ẹnu rẹ̀. Adájọ́ tuntun ti dé, obìnrin kan báyìí tí wọ́n ní kì í gba gbẹ̀rẹ́. Ọmọ Ìyá Aránṣọ bá jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Màámi, wọ́n máa ní kẹ́ ẹ nawọ́ sí ẹni tẹ́ ẹ rí. Ṣé ẹ rántí pé Aṣòfin kì í dúró nínú igi tí wọ́n ń kó àwọn olùjẹ́jọ́ sí? Wọ́n ní ẹ̀yìn ń dùn ún."

"Ẹ̀yìn tó fi ń jó kiri nígbà ìpolongo."

"Màámi, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀. Àga onítìmùtìmù abẹ́ fáànù ni wọ́n ń fún un látọjọ́ yìí. Fáànù yẹn ń ké. Tẹ́ ẹ bá ti dúró síbi ẹlẹ́rìí, ẹ máa gbọ́ ọ lápá òsì yín. Abẹ́ ibi tó ti ń ké yẹn ni kẹ́ ẹ nawọ́ sí."

"Ṣé kì í ṣe irọ́ nìyẹn?"

"Irọ́ báwo? Ṣebí òun ló ń jókòó síbẹ̀?"

Ìyá ní kó tan fáànù. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi fáànù ilé kọ́ ọ, ìyá ń nawọ́, ọmọ ń ní, "Ó kù díẹ̀, ẹ gbé e wá sísàlẹ̀," títí ọwọ́ náà fi mọ ibi tó ń lọ. Ìyá rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò mọ̀ pé ọjọ́ ogbó òun lòun máa tún lọ ilé ìwé.

Nígbà tí wọ́n dé kóòtù, wọ́n ní kí ìyá jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, torí ẹlẹ́rìí ò gbọ́dọ̀ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ kó tó kàn án. Ọmọ rẹ̀ wọlé lọ jókòó lẹ́yìn. Adájọ́ jókòó, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó wo abẹ́ fáànù.

"Ta nìyẹn?"

Lọ́yà Aṣòfin dìde, ó ní, "Olùjẹ́jọ́ ni, Olúwa mi. Ẹ̀yìn ló ń dùn ún."

"Ẹni tó jí ewúrẹ́ tí mo dá lẹ́jọ́ láàárọ̀ yìí náà ní ẹ̀yìn. Kó bọ́ sínú igi."

Háà! Gbogbo kóòtù hó. Ohun tí ẹnì kan ò tíì rí rí ni wọ́n ń wò yìí: Aṣòfin dìde, ó fa aṣọ rẹ̀ mọ́ra, ó wọnú igi bíi gbogbo èèyàn. Inú ọmọ Ìyá Aránṣọ dùn débi pé ó fẹ́ pàtẹ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ò tíì kanra tí àyà rẹ̀ fi já. Inú igi wà lápá ọ̀tún. Ó sáré dìde pé kóun lọ sọ fún ìyá òun níta, àmọ́ òṣìṣẹ́ kóòtù ti ń mú un wọlé gba ilẹ̀kùn kejì.

Ìyá Aránṣọ búra, ó sì sọ̀rọ̀. Ó sọ nípa kọ́là tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, nípa ọkọ̀, nípa àpótí ìbò tí àbúrò rẹ̀ jókòó lé, nípa ohun tí Aṣòfin sọ.  Adájọ́ ń kọ ọ́ sílẹ̀, orí rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀. Lọ́yà ìjọba, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ti ń gbé fáìlì ẹjọ́ náà kiri láti ìgbà tí irun ṣì kún orí rẹ̀, bá bi í pé, "Màmá, ẹni tẹ́ ẹ̀ ń sọ yìí, ṣé ẹ rí i níbí lónìí?"

"Mo rí i."

Ọmọ rẹ̀ wúkọ́ lẹ́yìn. Ó tún wúkọ́. Ọlọ́pàá ní tí ikọ́ bá ń ṣe é kó bọ́ síta.

"Ẹ dákun, ẹ nawọ́ sí i."

Ìyá Aránṣọ fetí sí fáànù, ó sì na ọwọ́ rẹ̀ gbọnrangandan sí àga onítìmùtìmù. Báàgì lọ́yà Aṣòfin ló wà lórí àga náà.

Ẹnì kan lẹ́yìn ní, "Báàgì ló pàṣẹ ni?" Ẹ̀rín sọ. Ìyá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín díẹ̀ pẹ̀lú wọn, torí kò mọ ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Lọ́yà Aṣòfin ò tiẹ̀ gbóhùn sókè. Ó ní, "Màmá, ìka mélòó ni mo nà sókè yìí?"

Ìyá ní, "Mi ò rí ìka yín. Mi ò rí ẹ̀yin náà."

Adájọ́ gbé bírò sílẹ̀. "Màmá, láti ìgbà wo?"

"Olúwa mi, nígbà tí mo kọ́kọ́ wá síbí, mò ń ríran. Mo wá, wọ́n ní kí n lọ, kí n padà wá. Mo tún wá, wọ́n tún ní kí n lọ. Ibí ni ojú mi tán sí. Ojú mi ríran lọ́jọ́ tí wọ́n pa á. Ẹ̀yin lẹ ò ráyè gbọ́."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ṣùgbọ́n òfin ò mọ ojú àánú. Lọ́yà Aṣòfin ní ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí ìjọba ní ti nawọ́ sí báàgì, kí kóòtù jẹ́ kí oníbàárà òun máa lọ sílé. Adájọ́ ní òun ò lè ní ohun tó ṣojú òun kò ṣẹlẹ̀. Ó ní òun á lọ rò ó, ó dá ọjọ́, ó sì dìde.

Ní ọ̀nà ìta, lọ́yà ìjọba dúró ti ìyá àti ọmọ, ó di orí mú. "Màmá, ẹ ò sọ fún mi! Ẹni tẹ́ ẹ ti ń gé ṣòkòtò fún, tẹ́ ẹ mọ̀ kó tó di èèyàn ńlá, ṣé ọwọ́ la nílò ni? Kẹ́ ẹ dárúkọ ẹ̀ ti tó. Ká ní mo mọ̀ ni, mi ò ní ní kẹ́ ẹ nawọ́ rárá."

Ọmọ rẹ̀ bú sẹ́kún. Ó ní òun lòun fà á. Ìyá ní kó dákẹ́. Ó rẹ òun, kí wọ́n jẹ́ káwọn máa lọ sílé. Ẹnu ilẹ̀kùn tóóró kan ni wọ́n dúró sí nígbà tí Aṣòfin àti àwọn èèyàn rẹ̀ ń jáde bọ̀, tí ariwo ń sọ, tí wọ́n ń bọ ara wọn lọ́wọ́. Aṣòfin rí obìnrin àgbà tó dí ọ̀nà. Kò bínú. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé:

"Ẹ dákun, ẹ bá mi gbé Màmá kúrò lọ́nà."

Ìyá Aránṣọ mọ ohùn àti ọ̀rọ̀ náà. Ọwọ́ rẹ̀ dìde fúnra ẹ̀. Kò fetí sí fáànù kankan, kò wá ibì kankan, àárín àyà Aṣòfin gan-an ni ìka rẹ̀ lọ.

"Òun nìyí! Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ní òun nìyí!"

 Akọ̀wé kóòtù tó ń kó fáìlì kọjá wo ilẹ̀. Lọ́yà ìjọba ní, "Màmá, adájọ́ ti dìde."

"Ẹ pè é padà."

Kò sẹ́ni tó lọ pè é. Àwọn ọmọkùnrin méjì di ìyá léjìká, wọ́n rọra sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, Aṣòfin sì kọjá. Ìka Ìyá Aránṣọ ń tẹ̀ lé ìró bàtà ọkùnrin náà, ó tẹ̀ lé e sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó tẹ̀ lé e dé ibi tí ilẹ̀kùn ọkọ̀ ti pa dé.

"Màámi, ó ti lọ," ọmọ rẹ̀ ní. "Ẹ sọ ọwọ́ kalẹ̀."

Kò sọ ọ́ kalẹ̀.