Idà Inú Ọgbà Míìsì Bellamy

Cyril Pargeter, tí èmi àti ẹ̀ jọ pín lẹ́tà ní ìlú Ludlow nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mọ́kànlélógún, kì í ṣe ẹni tó fẹ́ràn ogun. Ó ti jagun rí nínú aṣálẹ̀, ohun kan ṣoṣo tó sì máa ń sọ nípa rẹ̀ ni pé tíì ibẹ̀ kò dùn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá dárúkọ idà àtijọ́ fún un, ojú rẹ̀ á mọ́lẹ̀ kíá. Idà kan ṣoṣo ló fa èyí.

Àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹjọ ọdún 1963 ni. Ó gbé lẹ́tà lọ fún Míìsì Bellamy, àgbàlagbà obìnrin kan tí kò lọ́kọ, tó ń dá gbé nínú ilé ńlá létí odò. Ó bá a lẹ́yìnkùlé, níbi tí màmá náà ti ń já ẹ̀wà tútù. Àwọn ọ̀pá tí ẹ̀wà náà gùn tò lọ bẹẹrẹ, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn tẹ̀, ó sì ní èèkù.

"Míìsì, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fi gbé ẹ̀wà yín dúró yìí?"

"Irin ni. Ṣé o ò rí irin rí ni?"

"Idà ni, Míìsì! Idà ọ̀gá àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin ni!"

"Ẹ̀wà ò mọ̀yẹn. Ọdọọdún ló ń gùn ún. Lẹ́tà mi dà?"

Cyril kò lè gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò lọ́kàn. Lọ́jọ́ kejì ó so ọ̀pá igi tuntun mọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ní kí àwọn ṣe pàṣípààrọ̀: òun á tún idà náà ṣe, òun á sì dá a padà. Màmá náà wo ọ̀pá, ó wo Cyril.

"Máa mú un lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀wà mi bá wó, ìwọ ni màá rì mọ́lẹ̀ síbẹ̀."

Cyril gbé e lọ sọ́dọ̀ Lovibond, dókítà eyín kan nílùú wa tó máa ń kó idà àtijọ́ jọ. Lovibond yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Èyí ti tó àádọ́jọ ọdún. Pargeter, gbọ́ mi o: òróró, àkísà tó rọ̀, àti sùúrù. Ẹni tó bá fi yanrìn họ ọ́, ó ti pa á nìyẹn."

Ní gbogbo ìgbà òtútù ọdún yẹn, inú kíṣìnnì ni Cyril ń jókòó sí, tó ń nu idà. Inú ń bí Mavis, ìyàwó rẹ̀.

"Búrẹ́dì mi ti ń rùn bí òróró! Èmi lo fẹ́ ni, àbí irin?"

"Ìwọ ni, Mavis. Ṣùgbọ́n ìwọ ò tíì dógùn-ún."

Mavis fi aṣọ ìnu àwo nà án lórí, ẹ̀rín sì pa á.

Nínú oṣù kejì, Cyril tú okùn ọlọ́dà tí wọ́n ti wé mọ́ ìdí èèkù láti ọjọ́ pípẹ́. Lábẹ́ rẹ̀, ara idà náà dúdú mìnìjọ̀ bí aró, wọ́n sì fi wúrà ya ewé àti ẹṣin wẹẹrẹ sí i. Cyril kàn jókòó, ó ń wò ó.

Nígbà tó dá a padà, Míìsì Bellamy fi ìka kan tọ́ ẹṣin wúrà náà.

"Rupert," ó wí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni Rupert. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, wọ́n máa ń jí idà náà sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri tí bàbá wọn bá jáde. Rupert á gun fẹ́ǹsì bí ẹni gun ẹṣin, àbúrò rẹ̀ á sì jẹ́ ọ̀tá. Ojú ogun nílẹ̀ Faransé ni Rupert kú sí lọ́dún 1916.

"Lọ́jọ́ tí tẹligíráàmù dé," màmá náà wí, "bàbá wa sọ idà yìí síta. Ó ní irin ogun kankan ò ní kọ́ sínú ilé òun mọ́. Èmi ni mo gbé e nàró, tí mo gbin ẹ̀wà sí i nídìí. Mi ò fẹ́ kó sùn sínú ẹrẹ̀ bíi Rupert."

Cyril ṣí fìlà lórí.

"Dé fìlà rẹ, òtútù ń mú," màmá náà wí. "Lọ bá mi wá ìṣó tí a ó fi gbé e kọ́ padà sára ògiri."

Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Sátidé ni Cyril ń lọ fi òróró pa idà náà. Wọ́n á mu tíì, wọ́n á jẹ kéèkì, màmá á sì máa sọ ìtàn ìgbà èwe. Mo bá a lọ lẹ́ẹ̀kan. Láti ẹnu géètì ni mo ti ń gbọ́ ẹ̀rín wọn. Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Míìsì Bellamy kú, wọ́n rí i nínú ìwé ìhágún rẹ̀ pé Cyril ló ni idà náà.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Lovibond wá bẹ̀ ẹ́ pé kó tà á fóun, Cyril kọ̀. Ìgbà tí Mavis náà kú, tó kù díẹ̀ kí Cyril kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Hereford, sínú yàrá kékeré tí èèyàn ò ti lè na apá méjèèjì, òun fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ pe Lovibond. Ó tà á fún un, kò nájà rárá.

Èmi ni mo sìn ín dé ibùdókọ̀ ojú irin.

"Ṣé ó dùn ẹ́?" mo bi í.

"Idà kọ́ ló ń dùn mí. Láti ìgbà tí Míìsì ti kú ni mi ò ti mọ ibi tí màá máa lọ ní Sátidé."

"Wá sọ́dọ̀ mi nígbà náà, ọ̀dẹ̀."

Ó sì ń wá, títí orúnkún rẹ̀ fi kọ̀ fún un láti gun àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì.