Òkè Àlàpà

"Bọ́ bàtà rẹ," ni màmá wí, bẹ́ẹ̀ ìrì dídì ṣì funfun lórí koríko. Ọkùnrin kan tó ń sáré ìdárayá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ó wo ẹsẹ̀ màmá, ó wo ojú mi, ó sì béèrè bóyá nǹkan ṣe wá. Mo fi èdè Jámánì dá a lóhùn pé rárá, àdúrà la fẹ́ lọ gbà. Ojú tì mí débi pé etí mi gbóná nínú òtútù yẹn. Màmá ò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ti há bàtà tirẹ̀ mọ́ abíyá, ó mú ìgò omi dání, ó kọjú sí òkè.

Ìyá àgbà ni màmá yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló bí ìyá mi, kò sì sí ẹbí kankan láàárín wa. Àjà tó wà lórí tiwa gan-an ló ń gbé, nínú ilé àtijọ́ kan ní Neukölln, ní ìlú Berlin, tí pákó àtẹ̀gùn rẹ̀ máa ń ké bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìjọ aláṣọ funfun kan náà la jọ ń lọ. Nígbà tí wọ́n dá ìyá mi dúró sí Krankenhaus, ilé ìwòsàn, nítorí oyún inú rẹ̀, tí dọ́kítà ní kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, bàbá mi ń wa ọkọ̀ akẹ́rù láti èbúté Hamburg, ọjọ́ Àìkú nìkan ló ń wálé. Màmá sọ̀ kalẹ̀ wá, ó ká aṣọ ìbora mi, ó ní kí n tẹ̀lé òun. Bí mo ṣe di ọmọ rẹ̀ nìyẹn.

Yàrá rẹ̀ máa ń rùn fún àbẹ́là àti ata lílọ̀. Ní àárọ̀, ó máa jókòó létí fèrèsé, á máa ṣa ẹ̀wà, á máa fi imú kọrin, èmi á sì mọ̀ látinú orin náà bóyá ara rẹ̀ balẹ̀ tàbí kò balẹ̀. Oyún tó ṣáájú èyí kò dúró. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi, ṣùgbọ́n ọmọdé kì í di etí. Ẹ̀rù ohun tó lè ṣe ìyá mi ń bà mí gan-an ni. Bí fóònù bá ti dún, mo máa ń sáré lọ dúró ti màmá.

Ìdànrè ni wọ́n bí màmá sí, láàárín àwọn àpáta tó jẹ́ pé èèyàn á gbé ojú sókè títí fìlà á fi já bọ́. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí òkè kékeré tó wà nínú páàkì Hasenheide, ẹ̀rín pa á, ó di igi mú.

"Èyí náà lẹ ń pè ní òkè? Ewúrẹ́ ilé wa á fò ó."

Ṣùgbọ́n nínú ìjọ wa, bí ọ̀rọ̀ bá wúwo, orí òkè la máa ń gbé e lọ, Berlin sì tẹ́jú. Ó ní bí a ò bá rí àdán, à ń fi òòbẹ̀ ṣẹbọ, ló bá yára fi ọwọ́ bo ẹnu nítorí ẹbọ tó dárúkọ.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń gun òkè náà ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà páàkì, ọmọ Áfíríkà bíi wa ni wọ́n. Oògùn olóró tí wọ́n ń tà, gbogbo wa mọ̀ nípa rẹ̀, a kì í sọ ọ́. Bí wọ́n bá ti rí màmá, wọ́n á tọwọ́ bọ àpò, wọ́n á tẹrí ba. Òun náà á gbàdúrà fún wọn, á kọjá. Lórí òkè, á gbé ìgò omi sílẹ̀, á kúnlẹ̀, á bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá arákùnrin rẹ̀ ṣàlàyé. Lẹ́yìn náà a ó wọ U-Bahn, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, lọ sí ilé ìwòsàn, ìyá mi á mu omi náà, á rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wa.

Ọjọ́ kan ni olùkọ́ wa ní iléèwé sọ ìtàn òkè yẹn. Ó ní kì í ṣe Ọlọ́run ló dá a síbẹ̀. Ilé àwọn èèyàn ni, èyí tí bọ́ǹbù wó nígbà ogun. Lẹ́yìn ogun ni wọ́n kó àlàpà gbogbo jọ síbẹ̀, wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ lé e, wọ́n gbin igi. Omi tí a gbé ka orí ilé wíwó ni ìyá mi ti ń mu láti ọjọ́ yìí wá! Ní Sátidé, kí màmá tó bọ́ bàtà, mo sọ ọ́ fún un.

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó béèrè pé àwọn tó ń gbé ilé náà ńkọ́. Mo ní olùkọ́ ò sọ. Mo rò pé a ó padà sílé ni, kí á lọ wá òkè mìíràn tó mọ́. Màmá dìde, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó gòkè bó ṣe máa ń gòkè, ṣùgbọ́n ó rọra ń tẹ ilẹ̀. Nígbà tí a dé orí rẹ̀, ó tẹrí ba díẹ̀.

"Ẹ kú ilé o," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. A ti ń wọlé yín láti ìgbà yìí, a ò kí yín."

Ó wá kúnlẹ̀, ó gbàdúrà tiwa.

Ọmọ náà kò dúró. Bí mo ṣe sọ ọ́ yìí náà ni wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi, gbólóhùn kan. Mo bínú sí màmá, mo bínú sí òkè, mo bínú sí ìgò omi. Ìyá mi padà wálé, àwọn ará ìjọ sì kún yàrá wa. Olúkúlùkù ló ń sọ pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Wọ́n ní kó nu ojú, kó má sunkún mọ́, Ọlọ́run á ṣe òmíràn. Ọ̀rọ̀ tó dáa ni, ìfẹ́ ló bí i. Ìyá mi ń mi orí, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó nu ojú rẹ̀. Kò sì sunkún mọ́ lóòótọ́. Kò sọ̀rọ̀ mọ́ pẹ̀lú. Bàbá mi se ìrẹsì, ó bẹ̀ ẹ́ títí, kò fọwọ́ kàn án. Ògiri ló ń wò. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ìyá èèyàn lè wà nínú ilé kó má sí ńbẹ̀.

Màmá ò bá wọn sọ ti agbè. Ó ní sùúrù títí ara ìyá mi fi le díẹ̀, ó wá sọ̀ kalẹ̀ wá láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní kó wọ kóòtù. A rìn jẹ́jẹ́ gidi gan-an. Ìyá mi ń dúró láti mí, màmá ń dúró tì í, èmi ń ti bọ́tìnnì kóòtù mi, mo ń tú u. Lórí òkè, afẹ́fẹ́ ń fẹ́, òórùn ẹran sísun ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Màmá fi ọwọ́ lu ilẹ̀ pẹ́pẹ́, ó ní kó jókòó.

"Wọ́n ní agbè ò fọ́," ló wí. "Agbè fọ́, ọmọ mi. Ilé àwọn èèyàn ló wó tó di òkè yìí. Àwọn tó kù ló fọwọ́ kó o jọ. O rò pé wọn ò kọ́kọ́ sunkún ni? Sunkún."

Ìyá mi wò ó. Lẹ́yìn náà ló sun ẹkún tí mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí láyé mi. Ajá kan dúró, ó ń wò wá, olówó rẹ̀ rọra fà á lọ. Màmá ò pa á lẹ́nu mọ́. Ó kàn gbé orí ìyá mi lé itan ara rẹ̀, ó ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn, títí ó fi rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tí a délé, ìyá mi béèrè lọ́wọ́ mi bóyá mo ti jẹun.

Màmá ti lọ sinmi. Jenfeld ní Hamburg ni mo ń gbé báyìí, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ bí àwo, mo sì ti di ẹni tó ń wá òkè kiri. Àwọn ará ìjọ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé òyìnbó ló ń rìn lórí òkè láìsí ohun tó ń lé e. Lọ́dún tó kọjá, mo bá ẹgbẹ́ àwọn òyìnbó tó ń gun òkè dé àfonífojì kan ní Wales, òkè lọ́tùn-ún, òkè lósì, àgùntàn káàkiri. Nígbà tí a dé téńté, obìnrin ará ibẹ̀ tó mú wa lọ nawọ́ sí òkè kan ní òdìkejì tó tutù yọ̀yọ̀. Ó ní pàǹtí èédú tí bàbá bàbá òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbẹ́ jáde nísàlẹ̀ ilẹ̀ ni, koríko ló hù bò ó. Àwọn yòókù ń ya fọ́tò. Mo bi í léèrè bóyá bàbá bàbá rẹ̀ jáde ńbẹ̀ láàyè. Ó ní rárá. Ohùn rẹ̀ yí padà, omijé bọ́, ó fẹ́ fi ẹ̀rín bò ó, ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àlejò.

Ẹnu mi ti ṣí láti sọ pé ó tó, kó má sunkún mọ́. Bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa nìyẹn. Mo pa ẹnu mi dé. Mo fi ọwọ́ lu koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó sì jókòó.